Èéhù Sẹ́ẹ̀lì: Àwọn Tó Wà Láàárín Orísun àti Géńdé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń já ènìyàn láyà lórí ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀: blasts. Ẹni tó bá kà á láìrí ẹni ṣàlàyé fún un lè rò pé nǹkan kan ti bú gbàmù nínú ara òun, nítorí ìtumọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ fún un nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Inú èdè Gíríìkì ni àwọn onímọ̀ ti yá a, ohun tó sì jẹ́ níbẹ̀ ni èéhù: ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù jáde, tí kò tíì di igi. Sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì gbó ni ìwé náà ń sọ.

Gbogbo wa la ní in. Bí ẹ ṣe ń ka ọ̀rọ̀ yìí, èéhù sẹ́ẹ̀lì ń ṣiṣẹ́ nínú eegun yín, nínú ìfun yín àti nísàlẹ̀ ìpele òkè awọ ara yín. Ṣùgbọ́n wọn kò lókìkí. Stem cell ló gba gbogbo òkìkí, débi pé sẹ́ẹ̀lì yòówù tó bá lè di nǹkan mìíràn, stem cell ni ìròyìn máa ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ àwọn aláìsàn lójú, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀pọ̀ ohun tí dókítà ń bá wọn sọ, ìpele àárín ló ti ṣẹlẹ̀. Orísun kọ́ ló bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ mẹ́ta là á. Ẹni àkọ́kọ́ ni sẹ́ẹ̀lì orísun, òun gan-an ni stem cell. Ó lè bí irú ara rẹ̀ kí orísun má baà gbẹ, ó sì lè bí ọmọ tí yóò gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ní òpin ọ̀nà yẹn la ti máa bá sẹ́ẹ̀lì géńdé, èyí tó ti gbaṣẹ́ tó sì ń ṣe é: sẹ́ẹ̀lì pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri, sẹ́ẹ̀lì iṣan tó ń fà tó ń dẹ̀, sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tó ń ta ara wọn lólobó. Èéhù ló wà láàárín àwọn méjèèjì, òun ni àwọn onímọ̀ ń pè ní precursor tàbí progenitor. Ó ti kúrò nílé. Ó ti mọ ìdílé iṣẹ́ tí yóò wọ̀, ṣùgbọ́n kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó lè pín sí méjì, kí méjì pín sí mẹ́rin, fún ìwọ̀nba ìgbà. Lẹ́yìn náà gbogbo ọmọ rẹ̀ á di géńdé, ìran rẹ̀ á sì parí síbẹ̀. Èéhù ẹ̀jẹ̀ kì í ṣẹ́rí padà di orísun, kì í sì í yà bàrá lọ di sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ.

Onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Conrad Waddington, ya àwòrán kan ní 1957 tí mo fẹ́ràn gan-an. Ó ya bọ́ọ̀lù kan sí orí òkè. Bọ́ọ̀lù náà ń yí sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá oríta pàdé, àfonífojì tó bá sì wọ̀ ni yóò máa bá lọ. Orísun ni bọ́ọ̀lù tó ṣì wà lókè. Èéhù ni èyí tó ti wọ àfonífojì kan, tí kò tíì dé ìsàlẹ̀. Ní 2006, Shinya Yamanaka àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kyoto fi àbùdá (gene) mẹ́rin péré ti bọ́ọ̀lù tó ti dé ìsàlẹ̀ padà sókè, nínú sẹ́ẹ̀lì awọ eku. Ó gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2012. Ṣùgbọ́n inú àwo ní yàrá ìwádìí ni wọ́n ti ṣe ìyẹn. Ara fúnra rẹ̀ kì í sábà gun òkè náà padà.

Kí ló dé tí orísun kò fi kúkú máa bí géńdé tààrà? Ìṣirò ló fà á. Ara àgbàlagbà ń ṣe nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 sẹ́ẹ̀lì pupa ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá sì pín, ó gbọ́dọ̀ da DNA rẹ̀, ìwé ìtọ́ni inú rẹ̀, kọ látòkèdélẹ̀, lẹ́tà tó tó bílíọ̀nù 6. Ẹni tó bá ń da ìwé kọ tó bẹ́ẹ̀ yóò ṣì í kọ níbì kan. Bí àṣìṣe bá wọ inú orísun, gbogbo ìran tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló máa jogún rẹ̀, títí ayé onítọ̀hún. Nítorí náà ara ń dá orísun sí. Ó ń jẹ́ kó sinmi, kó máa pín lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó wá gbé iṣẹ́ ìsọdipúpọ̀ fún èéhù. Èéhù kan tó bá pín nígbà mẹ́wàá á di 1,024. Bó bá pín nígbà ogún, ó ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bó bá sì ṣe àṣìṣe, ìran rẹ̀ kò ní pẹ́ tán, àṣìṣe náà á sì bá a lọ. Mi ò tíì rí ètò tó gbọ́n tó èyí nínú ara ènìyàn.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé sẹ́ẹ̀lì orísun wà? Ní Toronto, James Till àti Ernest McCulloch fi ìtànṣán pa mùdùnmúdùn eegun àwọn eku, wọ́n sì fún wọn ní ti eku mìíràn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, kókó kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ẹ̀yà inú tí wọ́n ń pè ní spleen. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí kókó kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ oríṣiríṣi ẹ̀jẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ọdún 1961 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé sẹ́ẹ̀lì pupa kan láti kékeré. Nínú mùdùnmúdùn eegun, èéhù rẹ̀ tóbi, ó sì ní kóró láàárín, níbi tí DNA wà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á pagbo yí sẹ́ẹ̀lì agbálẹ̀ ńlá kan ká. Bó ṣe ń pín ló ń kéré sí i, tó sì ń kún fún himoglóbìn, ohun pupa tó ń di ọ́síjìn mú. Bí wọ́n bá fi aró ilé àyẹ̀wò kùn ún, àwọ̀ rẹ̀ á máa kúrò ní búlúù, á máa bọ̀ sí pupa rẹ́súrẹ́sú. Nígbà tó bá yá, kóró náà á ki pọ̀, á sún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Sẹ́ẹ̀lì náà á wá tì í síta pátápátá. Agbálẹ̀ tó wà láàárín agbo á gbé kóró yẹn mì. Èyí tó kù á wọ inú ẹ̀jẹ̀, láàárín ọjọ́ kan sí méjì ó ti di géńdé, ó sì ní nǹkan bíi 120 ọjọ́ láti lò láyé. Látìgbà yẹn kò ní DNA mọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Ta ló ń pinnu iye èéhù tí yóò yè? Kíndìnrín ni. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, kíndìnrín á rán ohun ìránṣẹ́ kan tó ń jẹ́ erythropoietin lọ sínú eegun. Èéhù tó bá rí i gbà á yè, èyí tí kò bá rí i á kú. Ẹni tí àìsàn kíndìnrín ń bá jà tó wá ń béèrè pé kí ló kan ẹ̀jẹ̀ òun níbẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ nìyí: orísun rẹ̀ wà, eegun rẹ̀ wà, ọ̀rọ̀ ìyánjú ni kò dé ọ̀dọ̀ èéhù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gún un ní abẹ́rẹ́ erythropoietin.

Fáírọ́ọ̀sì kan sì wà tó jẹ́ pé èéhù sẹ́ẹ̀lì pupa gan-an ló ń dójú sọ. Parvovirus B19 ni. Lára ọmọdé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè pọ́n bí ẹni tí wọ́n gbá létí, kó sì tán síbẹ̀. Nínú eegun, ó ń pa èéhù pupa, kò sì sí sẹ́ẹ̀lì pupa tuntun fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ń lo 120 ọjọ́ kò ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n lára ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọjọ́ 10 sí 20 ni sẹ́ẹ̀lì pupa ń lò. Bí ilé iṣẹ́ inú eegun bá wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ á lọ sílẹ̀ wàrà, wọ́n á sì ní láti fún un lẹ́jẹ̀ kíákíá. Orísun kò fara gbá a, nítorí náà bí ara bá ti borí fáírọ́ọ̀sì náà, èéhù tuntun á tún hù.

Inú oyún ni èéhù ti ya mí lẹ́nu jù. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, nígbà tí ọlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká ọ̀pá tí yóò di ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn èéhù kan wà létí ọ̀pá náà tí wọn kì í dúró síbẹ̀. Wọ́n ń rìn. Wilhelm His ló kọ́kọ́ kíyè sí wọn lára ọlẹ̀ adìyẹ ní 1868. Àwọn kan lọ sí ojú, wọ́n di egungun àgbọ̀n. Àwọn kan lọ sí awọ, wọ́n di sẹ́ẹ̀lì tó ń fún wa ní àwọ̀. Àwọn mìíràn wọ òkè ìfun ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹrin, wọ́n ń rìn lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń pín bí wọ́n ṣe ń rìn, wọ́n sì ń fi àwọn ọmọ wọn sílẹ̀ lójú ọ̀nà láti di iṣan ìmọ̀lára (nerve) tí yóò máa darí ìfun. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ keje ni wọ́n ń dé òpin.

Nínú nǹkan bí ọmọ kan láàárín 5,000, wọn kì í dé òpin. Ibi tí wọ́n bá dúró sí, láti ibẹ̀ dé ihò ìdí, ìfun náà kò ní ẹni tí yóò sọ fún un pé kó dẹ̀ kí ìgbẹ́ kọjá. Wọ́n á bí ọmọ náà láyọ̀, ó lè mu ọmú dáadáa lọ́jọ́ kìíní, àmọ́ lẹ́yìn wákàtí 48 kò tíì yàgbẹ́ dúdú àkọ́kọ́, ikùn rẹ̀ ń wú, ó sì lè máa bì èébì aláwọ̀ ewé. Harald Hirschsprung, dókítà ọmọdé ní Copenhagen, ṣàpèjúwe àìsàn yìí ní 1886, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì ń pè é títí dòní. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀: wọ́n á gé apá ìfun tí èéhù kò dé, wọ́n á fa apá tó dára sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á so ó pọ̀. Ọmọ tuntun tí kò bá yàgbẹ́ láàárín ọjọ́ méjì, ẹ má fi omi gbígbóná tàbí oògùn ìyàgbẹ́ dá a dúró sílé. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ọ̀rọ̀ fáírọ́ọ̀sì Zika tún jẹ́ ká rí bí àkókò ṣe ṣe pàtàkì tó. Ní 1 February 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ọ̀ràn pàjáwìrì lẹ́yìn tí àwọn ọmọ tí orí wọn kéré bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Brazil. Àwọn onímọ̀ rí i pé èéhù ọpọlọ ni fáírọ́ọ̀sì náà ń wọ̀ tó sì ń pa. Àgbàlagbà tí kòkòrò kan náà bá mú sábà máa ń ní ibà díẹ̀, ara ríro, kó sì lọ. Ọmọ inú oyún kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí àsìkò tí èéhù ọpọlọ rẹ̀ ń pín lójú méjèèjì nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí èéhù tó kú kò bí, kò sí ẹlòmíràn tí yóò bí i lẹ́yìn ìgbà náà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé àyẹ̀wò yẹn. Nínú mùdùnmúdùn eegun ẹni tí ara rẹ̀ dá, blasts kì í tó 5 nínú 100 sẹ́ẹ̀lì, wọn kì í sì í sábà yọjú sínú ẹ̀jẹ̀ tó ń sàn. Bí wọ́n bá tó 20 nínú 100, jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tó ń yára ṣọṣẹ́ ni dókítà sábà máa ń kà á sí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èéhù dúró sójú kan. Ó ń pín, àmọ́ kò dàgbà. Aláìsàn náà lè ní sẹ́ẹ̀lì funfun rẹpẹtẹ nínú ẹ̀jẹ̀, kó má sì ní ẹyọ kan tó mọ bí a ṣe ń bá kòkòrò àrùn jà. Èéhù tí kò dàgbà ti gba gbogbo àyè inú eegun, sẹ́ẹ̀lì pupa kò rí ibi hù, àwọn wẹ́wẹ́ tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà kò rí ibi hù. Ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ wọ́n, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń yọ lẹ́rìgì wọn.

Irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan wà tó fi hàn gbangba pé ìdádúró yìí gan-an ni àìsàn náà. Promyelocytic leukaemia ni wọ́n ń pè é. Krómósóòmù 15 àti 17, méjì lára àwọn ìdì DNA inú kóró sẹ́ẹ̀lì, ti gba ègé ara wọn, àbùdá tó sì ti ibẹ̀ jáde ti ilẹ̀kùn ìdàgbà mọ́ èéhù lójú. Ní Shanghai, Wang Zhen-yi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò ó pé bóyá kò pọn dandan láti pa èéhù wọ̀nyẹn. Wọ́n fún àwọn aláìsàn ní oògùn kan tó jẹ́ ìbátan fítámíìnì A, wọ́n ń pè é ní all-trans retinoic acid. Oògùn náà ṣí ilẹ̀kùn. Èéhù tó ti há mọ́ ojú kan bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà, wọ́n di géńdé, wọ́n sì kú ikú géńdé nígbà tí ọjọ́ wọn pé. Nínú ìròyìn tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1988, gbogbo aláìsàn 24 ni àmì àìsàn náà kásẹ̀ nílẹ̀ lára wọn. Lónìí tí wọ́n ti fi oògùn arsenic kún un, ó ju 9 nínú 10 lọ tó ń rí ìwòsàn lára àwọn tí àìsàn náà kò tíì wọ̀ lára jù nígbà tí ìtọ́jú bẹ̀rẹ̀. Fítámíìnì A lásán kò lè ṣe iṣẹ́ yìí o, àpọ̀jù rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ yòókù kò ní irú kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ́mò ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Kẹ́mò ń lépa sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá, kò sì mọ èéhù rere yàtọ̀ sí búburú. Èéhù irun kú, irun re. Èéhù ẹnu àti ìfun kú, ẹnu bó, ìgbẹ́ gbuuru dé, nítorí awọ inú ìfun máa ń pààrọ̀ ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún. Sẹ́ẹ̀lì funfun kì í wálẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gba kẹ́mò; àwọn géńdé tó ti wà níta ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó sábà máa ń wálẹ̀ jù láàárín ọjọ́ 7 sí 14, nígbà tí géńdé ti tán tí kò sí èéhù tó rọ́pò wọn. Ibà tó bá dé láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lóru yẹn gan-an, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. Ọ̀pọ̀ orísun ní tiwọn ń sùn lákòókò náà, oògùn kò rí wọn pa. Ìdí nìyẹn tí irun fi ń padà hù.

Bí ara bá fara pa ńkọ́? Ẹ̀yà ara kò dọ́gba nínú èyí. Ní 1961, Alexander Mauro fi máíkíróskóòpù alágbára wo iṣan àkèré, ó rí sẹ́ẹ̀lì kékeré kan tó fún mọ́ àárín okùn iṣan àti awọ tó bò ó. Ó sọ ọ́ ní satellite cell. Bí iṣan bá ya, sẹ́ẹ̀lì yìí á jí, á bí èéhù, èéhù á lẹ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á di okùn iṣan tuntun. Díẹ̀ á padà lọ sùn de ọjọ́ mìíràn. Nínú àìsàn iṣan tó ń jẹ́ Duchenne, iṣan ọmọkùnrin tó ní in ń ya lójoojúmọ́ nítorí pé purotéènì kan tó ń dì í mú kò sí. Àtúnṣe ò dáwọ́ dúró, agbára àtúnṣe sì ń tán díẹ̀díẹ̀.

Ọkàn kò ní irú ìfipamọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Sweden lo kábọ́ọ̀nù tí ìdánwò bọ́ǹbù átọ́míìkì fọ́n sínú afẹ́fẹ́ láti mọ ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ọkàn, wọ́n sì sọ ní 2009 pé nǹkan bíi 1 nínú 100 ló ń pààrọ̀ lọ́dún lára ẹni ọdún 25. Tó bá fi máa di ẹni ọdún 75, kò tó ìdajì ìyẹn mọ́. Yàrá ìwádìí kan ti pariwo fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ọkàn ní orísun tirẹ̀. Ní 2018, Harvard Medical School àti ilé ìwòsàn Brigham and Women's ní kí àwọn ìwé ìwádìí fa 31 àkọsílẹ̀ láti yàrá ìwádìí náà yọ. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí àwọn aláìsàn ti fi ìrètí wọn sí i.

Ìrètí yẹn gan-an ni àwọn kan ń tà. Wọ́n á fa ọ̀rá láti ikùn aláìsàn, wọ́n á ní stem cell ni, wọ́n á gún un padà sí orúnkún tàbí ojú rẹ̀. Ní 2017, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà ròyìn obìnrin mẹ́ta ní Florida tí irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ba ojú wọn jẹ́. Ẹni tó bá ti ka ọ̀rọ̀ yìí dé ibí á mọ ohun tó yẹ kó bi wọ́n: orísun wo ni? Èéhù wo ni yóò bí? Èéhù ọ̀rá kì í di sẹ́ẹ̀lì tó ń ríran.

Èyí tó jẹ́ òótọ́ náà wà. Ní oṣù kọkànlá 2023, ilẹ̀ Britain fọwọ́ sí ìtọ́jú Casgevy fún àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Ẹ rántí pé sẹ́ẹ̀lì pupa kò ní DNA. Kò sí ohun tí wọ́n lè tún ṣe nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá tún èéhù ṣe, láìpẹ́ ìran rẹ̀ á tán. Orísun ni wọ́n ń wá. Wọ́n á fà á jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn, wọ́n á gé ibì kan nínú àbùdá tó ń jẹ́ BCL11A, wọ́n á fi kẹ́mò líle pa ti àtijọ́ tó wà nínú eegun rẹ́, wọ́n á sì dá tuntun padà sára rẹ̀. Ibi tí wọ́n gé yẹn, inú èéhù sẹ́ẹ̀lì pupa nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́: òun ló ń pa himoglóbìn ọmọ inú oyún, èyí tí àrùn náà kì í bà jẹ́, lẹ́nu mọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bí wa. Orísun tí wọ́n tún ṣe á wá ibùgbé rẹ̀ nínú eegun, á bí èéhù, èéhù á máa pín, á máa kéré, á máa pọ́n, títí yóò fi ti kóró rẹ̀ síta, tí yóò sì wọ inú ẹ̀jẹ̀ lọ pẹ̀lú himoglóbìn tí onítọ̀hún lò kẹ́yìn nígbà tó ṣì wà lọ́mọ ọwọ́.